Iyán Màmá Ọláoyè Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Bí ẹ bá dárúkọ Màmá Ọláoyè ní Adó-Èkìtì lónìí, ọ̀rọ̀ Àṣídíákónì àti iyán ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ á ti máa rẹ́rìn-ín kó tó débi tí iyán ti jáde, ẹ ò sì ní gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀. Àṣídíákónì wá bẹ ìjọ wò, àwọn àgbà ìjọ sì ní ilé Màmá Ọláoyè ni yóò ti jẹun ọ̀sán, torí gbogbo ayé mọ̀ pé obìnrin náà mọ oúnjẹ sè. Wọ́n gbé iyán jáde, ó funfun, oru ń jáde lára rẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tẹ̀ lé e tòun ti ẹran ìgbẹ́. Ọkùnrin Ọlọ́run gbàdúrà kúkúrú, ó ká apá aṣọ sókè, ó fọwọ́, ó na ọwọ́ sí àwo. Ni Màmá Ọláoyè bá ní, "Ẹ dákun, sà, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án."

Fọ́tò ló fẹ́ yà. Ó gorí àpótí, ó yà á látòkè. Ó kúnlẹ̀, ó yà á láti ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó yẹ fóònù wò, ó ní oru iyán kò hàn, ẹni tó bá rí i á rò pé iyán àná ni. Nígbà yẹn, oru náà ti tán lóòótọ́. Bó ṣe gbé iyán kúrò níwájú Àṣídíákónì nìyẹn, tó padà sílé ìdáná, tí a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró ọmọ odó. Àṣídíákónì jókòó ti ọbẹ̀, ọwọ́ tó ti fọ̀ wà lókè, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fọwọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tí iyán kẹta dé tí fóònù tún yọ, ó rọra sọ pé, "Màmá, bí ẹ bá ya iyán tán, ẹ ya èmi náà, kí ìjọ lè mọ ohun tí ojú òjíṣẹ́ Ọlọ́run ń rí."

Màmá Ọláoyè yà á lóòótọ́. Ó gbé fọ́tò náà sórí búlọ́ọ̀gù oúnjẹ rẹ̀: ọkùnrin ńlá kan nínú aṣọ àlùfáà, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè bí ẹni fẹ́ súre, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára iyán. Ṣáájú ọjọ́ náà, ènìyàn mọ́kànlá ló ń ka búlọ́ọ̀gù yẹn, méje nínú wọn sì jẹ́ ẹbí tí òun fúnra rẹ̀ máa ń fóònù láti bi wọ́n bóyá wọ́n ti kà á. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni kò wo iyán. Ojú Àṣídíákónì ni gbogbo wọn ń wò, ebi sì ń pa wọ́n.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wo iyán. Ẹni náà pe ara rẹ̀ ní Olùyẹ̀wò, ohun tó sì kọ sábẹ́ fọ́tò nìyí: "Bírò pupa. Iyán ti tutù kí àlejò tó jẹ ẹ́. Máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Tún un ṣe." Màmá Ọláoyè kà á, ó tún un kà, ó sì jókòó sórí àpótí tó fi ya fọ́tò. Pẹ̀lúmi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, sọ pé òun kò tíì rí ẹni tó gba máàkì mẹ́rin tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Abọ́sẹ̀dé ni orúkọ tí wọ́n sọ Màmá Ọláoyè nílé baba rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe tíṣà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ Èkìtì bí wọ́n ṣe ń sè, bí wọ́n ṣe ń rán bọ́tìnnì, bí wọ́n ṣe ń tẹ́ tábìlì de àlejò. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí ọkọ rẹ̀ sì ti ṣaláìsí, ó wà nínú ilé rẹ̀ tí kò jìnnà sí àdúgbò Fájuyì, kò rí ẹni kọ́ mọ́. Ló bá kọjú sí àwọn ọmọ rẹ̀. Ó lè fóònù Pẹ̀lúmi, àbíkẹ́yìn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Adó níbẹ̀, ní aago mẹ́fà àárọ̀, kó sọ fún un pé òun ti tún ọ̀rọ̀ ẹ̀kuru rò. Pẹ̀lúmi ló ṣí búlọ́ọ̀gù fún un, ó ní kí àwọn tí kò bí náà wá pín nínú ẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Ilé Ìdáná Tíṣà.

Pẹ̀lúmi fún un ní òfin mẹ́ta. Kó kọ ọ́ kúkúrú, torí àwọn tó ń kàwé lórí fóònù kì í ní sùúrù. Kí fọ́tò dára. Kó má sì sọ ọ̀rọ̀ ìdílé, oúnjẹ làwọn èèyàn bá wá. Màmá Ọláoyè fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ó wá jókòó, ó kọ bí wọ́n ṣe ń sè mọ́ínmọ́ín, kó sì tó kan ẹ̀wà, ó ti sọ ìtàn ìsìnkú baba ọkọ rẹ̀, ti adìyẹ kan tó sọnù kí wọ́n tó bí Pẹ̀lúmi, àti ìdí tí òun kì í fi í jókòó síwájú mọ́tò.

Pẹ̀lúmi ní, "Màmá, mọ́ínmọ́ín ni wọ́n fẹ́ mọ̀."

Màmá Ọláoyè bi í pé, "Ìwọ, ṣé o lè jẹ mọ́ínmọ́ín ẹni tí o kò mọ̀ rí? Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí ná, kí wọ́n tó jẹun lọ́wọ́ mi."

Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀pọ̀ ló wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí fọ́tò wọn ń dán, tí ata wọn pupa ju ata lọ, tí ènìyàn á kà tán tí kò ní rántí ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó bá ka ti Màmá Ọláoyè á gbàgbé iye ẹ̀wà, ṣùgbọ́n á máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e bóyá wọ́n rí adìyẹ náà.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Olùyẹ̀wò. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan ní Adó tí kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí obìnrin kan ṣoṣo ló ń fi bírò pupa báni sọ̀rọ̀ báyẹn. Monínúọlá Akínọlá ni. Òun àti Abọ́sẹ̀dé jọ kọ́ṣẹ́ tíṣà, wọ́n jọ kọ́ni ní ilé-ìwé kan náà, tábìlì wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bírò pupa rẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Bí iṣẹ́ rẹ bá dára, á fi máàkì sí i, kò ní sọ nǹkan kan. Bí kò bá dára, á kọ "Tún un ṣe." Bó bá wá burú kọjá àtúnṣe, á kọ "Wá rí mi," wàá sì gbé ìwé rẹ lọ bá a ní yàrá àwọn tíṣà. Ẹ̀rù a máa bani láti lọ, àmọ́ ẹni tó bá lọ kì í padà lásán. Á jókòó tì ọ́ títí yóò fi yé ọ, á sì fún ọ ní pọfupọ́ọ̀fù kan kó o tó lọ.

Ohun tó da ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì rú kò tóbi ju ẹ̀wà kan lọ. Ní ìkórè ìjọ kan, wọ́n ní kí àwọn ìyá gún iyán, kí wọ́n sì yan èyí tó dára jù. Monínúọlá wà lára àwọn tó ń tọ́ ọ wò. Ó dé orí iyán Abọ́sẹ̀dé, ó bù ú, ó dúró. Ó fi ìka méjì yọ nǹkan kan, ó gbé e sókè, ó sì sọ lójú gbogbo ìjọ pé, "Uyán yìí ní kókó." Ẹ̀bùn lọ sọ́wọ́ obìnrin kan láti Ìkéré.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Èkìtì lè ní kí ló wà nínú ìyẹn. Ní tiwa, o lè sọ fún obìnrin pé aṣọ rẹ̀ kò bá a mu, o sì lè sọ pé ọmọ rẹ̀ kò gbọ́n, ẹ ṣì máa kí ara yín lọ́la. Kókó inú iyán yàtọ̀. Láti ọjọ́ náà, ó lé díẹ̀ ní ọdún méjìdínlógún tí àwọn méjèèjì fi ń lọ sí ìjọ kan náà, tí ọ̀kan ń jókòó sápá ọ̀tún tí èkejì ń jókòó sápá òsì. Bí wọ́n bá ní kí ìjọ bọ ara wọn lọ́wọ́ fún àlàáfíà, àwọn méjèèjì á tẹjú mọ́ ìwé orin.

Ìdí nìyẹn tí máàkì mẹ́rin fi mú inú Màmá Ọláoyè dùn. Lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún, Monínúọlá ti bá a sọ̀rọ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ ìrẹsì Ìgbẹmọ. Màmá Ọláoyè gun ọ̀kadà láti Adó lọ sí Ìgbẹmọ, lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ó ní òun kò lè kọ̀wé lórí ìrẹsì tí òun kò rí lóko. Ó ya àgbẹ̀, ó ya oko, ó ní kí ọlọ́kadà náà dúró kí òun yà á. Ohun tó kọ lọ́sẹ̀ náà dùn débi pé àwọn èèyàn ní àwọn ń gbọ́ òórùn ìrẹsì láti inú fóònù. Ó sọ bí òórùn náà ṣe máa ń jáde lójú fèrèsé, tí aládùúgbò á fi rántí pé ó ti pẹ́ tí òun ti kí ọ. Ó kọ iye omi, ó kọ bí iná ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ohun kan ló gbàgbé. Kò kọ ọ́ pé kí wọ́n ṣa òkúta.

Ọmọ Èkìtì wo ló máa kọ irú ìyẹn sílẹ̀? Ìrẹsì ilẹ̀ wa, a máa ń dà á sínú atẹ, a máa ń ṣà á, a sì tún máa ń jọ̀ ọ́ nínú omi kí òkúta tó kù lè wà nísàlẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń jẹun kì í kọ́kọ́ sọ fún un pé kó la ẹnu. Ṣùgbọ́n òǹkàwé kan tó ń jẹ́ Fúnkẹ́mi wà ní Manchester, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ sì fi ìrẹsì Ìgbẹmọ ránṣẹ́ sí i. Ó tẹ̀ lé Màmá Ọláoyè lẹ́sẹẹsẹ. Ó gbé ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu, ó sì gbọ́ ìró kan. Ó ya fọ́tò eyín rẹ̀ tó kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ó fi ránṣẹ́, ó sì kọ ọ́ sí i pé ìrẹsì náà dùn gan-an. Pẹ̀lúmi ní fọ́tò yẹn mọ́lẹ̀ ju gbogbo èyí tí ìyá òun ti yà lọ.

Olùyẹ̀wò kò jẹ́ kí ọ̀sán pọ́n. "Bírò pupa. Tíṣà kò gbọdọ̀ rò pé akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀. Ẹni àádọ́rin ọdún kì í sì í gun ọ̀kadà. Máàkì méjì. Tún un ṣe."

Màmá Ọláoyè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Fúnkẹ́mi, ó gbàdúrà fún eyín tó kù, ó sì búra pé òun kò ní fo nǹkan kan mọ́. Láti ìgbà náà ni ohun tó ń kọ ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ dìde níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹ lọ sílé ìdáná." Á sọ pé kí o ká apá aṣọ rẹ, á sọ ibi tí o máa gbé ọ̀bẹ sí tí ọmọdé kò fi ní mú un. Pẹ̀lúmi ní kò sẹ́ni tó máa kà á. Wọ́n pọ̀ sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúwarótìmí kọ̀wé láti Port Harcourt pé gbogbo àwọn yòókù tó ń kọ̀wé oúnjẹ máa ń ní kí òun se nǹkan títí yóò fi jinná, kò sì sẹ́ni tó sọ fún òun rí bó ṣe máa ń rí tó bá jinná. Màmá Ọláoyè nìkan ló sọ fún òun pé kí òun fi aṣọ di ọmọrí ìkòkò mú. Ó ní ìka òun ti sàn.

Gbogbo Sátidé ni Màmá Ọláoyè ń kọ̀wé. Kò pẹ́ tó fi ṣàkíyèsí nǹkan kan. Bó bá ṣe àṣìṣe, Olùyẹ̀wò á dé kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù. Bó bá kọ ọ́ dáadáa, ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ìwà Monínúọlá láti ilé-ìwé ni, kì í yin ẹni tó ṣe ohun tó yẹ kó ṣe.

Ní Sátidé kan, Màmá Ọláoyè kọ ọ́ pé kí wọ́n kó ewúro sínú ọbẹ̀ láì fọ̀ ọ́. Pẹ̀lúmi rí i, ó sáré wá sílé, ó ní kí wọ́n tètè yọ ọ́ kúrò kó tó di pé Fúnkẹ́mi sè é. Ìyá rẹ̀ jókòó sójú fèrèsé, fóònù wà lórí itan rẹ̀. Ó ní kí Pẹ̀lúmi mú sùúrù títí di aago mẹ́ta.

Pẹ̀lúmi wò ó títí. Ó ní, "Màmá, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

"Bí mo bá kọ ọ́ re, kò ní sọ̀rọ̀."

Pẹ̀lúmi bi í pé kí ló dé tí kò kàn lọ kí Màmá Akínọlá nílé, ilé tí kò tó ìrìn ogún ìṣẹ́jú. Ìyá rẹ̀ ní òun kọ́ ló sọ pé iyán ẹlòmíràn ní kókó. Lẹ́yìn náà ló wá sọ òótọ́ ọkàn rẹ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun ń wá. Ọjọ́ tí Monínúọlá bá kọ "Wá rí mi," òun á wọ bàtà òun, òun á sì lọ, torí tíṣà ló pe òun, kì í ṣe pé òun lọ bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Mo ti ṣe tán láti tipẹ́. Kó ṣáà pè mí."

Bí obìnrin tó mọ oúnjẹ sè jù ní Adó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ba oúnjẹ jẹ́ nìyẹn. Ó ní kí wọ́n bu ṣúgà sí ẹ̀fọ́ rírò. Ó ní ẹ̀gúsí kò nílò bíbó. Lẹ́yìn ìran eyín, Pẹ̀lúmi kò lè gbà kí wọ́n tún pa ẹlòmíràn lára, nítorí náà ó máa ń kọ lẹ́tà kéékèèké sísàlẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má dán an wò títí Olùyẹ̀wò yóò fi dé. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè é. Àwọn kan ní Èkó ń jíròrò láàárọ̀ Sátidé nípa iye máàkì tó máa gbà. Mẹ́ta. Méjì. Ọ̀kan ààbọ̀. Gbogbo rẹ̀, "Tún un ṣe" ló ń parí sí.

Ìgbà tí ojú wá pọ́n ọn, ó kọ ọ́ pé ewùrà ni iṣu tó dára jù láti fi gún iyán.

Gbogbo Adó gbọ̀n. Ewùrà, tí a kì í gún, tí a fi ń dín ọ̀jọ̀jọ̀. Àwọn ìyá ìjọ kó ara wọn jọ wá sílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n ní àwọn kàn ní kí àwọn kí i, wọ́n sì ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo ojú aláìsàn. Ọ̀kan gbàdúrà gígùn fún ọpọlọ. Màmá Ọláoyè ṣe àmín, ó sì ń yẹ fóònù wò. Nígbà tó yá, èsì dé. "Bírò pupa. Òdo nínú mẹ́wàá. Tún un ṣe."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Màmá Ọláoyè kò fi wọ ilé ìdáná. Ó bi Pẹ̀lúmi pé kí ló tún kù tí òun fẹ́ ṣe, kí òun fi òkúta gún iyán ni?

Ọdún kẹfà búlọ́ọ̀gù náà ni àìsàn wọlé. Ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, dókítà sì ní kó máa sinmi. Ó dùbúlẹ̀ sí yàrá tó kọjú sí òpópónà, kò lè gbé ọmọ odó mọ́, bó bá rìn dé ilé ìdáná, á jókòó kó tó padà. Ó ní kí Pẹ̀lúmi má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Sátidé kan, ó gbé fóònù, ó fi ìka kan kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́, ohun tó sì kọ nìyí:

"Ẹ mú iṣu tó gbó. Ẹ bẹ ẹ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sè é títí ọ̀bẹ á fi wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ gún un nígbà tó ṣì gbóná. Ẹ má bu omi sí i títí ẹ ó fi rí i pé gbogbo rẹ̀ ti wó. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ìkórè ọjọ́sí, mo yára bu omi sí i. Iyán mi ní kókó. Ẹni tó sọ ọ́ kò purọ́ mọ́ mi."

Kò sí adìyẹ níbẹ̀, kò sí baba ọkọ. Fọ́tò kankan kò sí níbẹ̀. Aago mẹ́ta lù, Olùyẹ̀wò kò sọ nǹkan kan.

Nílé tirẹ̀, Monínúọlá ti kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó wá àṣìṣe, kò rí. Ó tún un kà, ó wá rí ohun tó burú níbẹ̀: ó kúrú. Abọ́sẹ̀dé tí òun mọ̀ láti ogójì ọdún ó lé kò tíì kọ ohun kúkúrú rí. Ló bá gbé báàgì rẹ̀, ó jáde sí òpópónà, ó sì dá ọ̀kadà àkọ́kọ́ tó rí dúró, òun tó ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.

Pẹ̀lúmi ló ṣílẹ̀kùn. Monínúọlá kò dúró kí i tán. Ó wọlé, ó dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn, ó ní, "Kí ló ń ṣe ẹ́, Bọ́sẹ̀?"

"Ta ló sọ pé nǹkan ń ṣe mí?"

"Mo ka ohun tí o kọ. Kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀."

Màmá Ọláoyè kọjú sí ògiri. Ó ní, "Máàkì mélòó ni?"

"Mi ò fún un ní máàkì. Ẹ̀rù ló bà mí."

Màmá Ọláoyè ní, "Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń retí kó o kọ ‘Wá rí mi,’ Monínú. Ewùrà, mo fi gún iyán nítorí tìẹ."

Monínúọlá jókòó sẹ́bàá ibùsùn. Ó ní òun mọ̀, òun ti mọ̀ láti ọjọ́ ewúro, ta ló máa gbà pé Abọ́sẹ̀dé kò mọ ewúro fọ̀? Ó ní ọjọ́ ewùrà, òun ti kọ "Wá rí mi" sílẹ̀ tán lórí fóònù, òun ló tún pa á rẹ́. "Mo ní bí o bá wá, bí ìjà bá parí, o ò ní ṣi nǹkan kan kọ mọ́. Kí ni mo fẹ́ máa dúró dè ní Sátidé? Ìwà òmùgọ̀ ni, Bọ́sẹ̀. Forí jì mí."

"Ó ní kókó lóòótọ́. Kókó kan."

"Méjì ni," ni Monínúọlá wí. "Mo gbé ọ̀kan mì."

Pẹ̀lúmi wà ní ilé ìdáná. Ariwo tó gbọ́ mú un sáré wá, ó rò pé ó ti di ti dókítà. Ó bá àwọn ìyá arúgbó méjì tí wọ́n di ara wọn mú lọ́wọ́, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín tí omi fi ń jáde lójú wọn.

Ọ̀sẹ̀ méje ni Ọlọ́run fún wọn. Monínúọlá ń wá lójoojúmọ́. Ní Sátidé tó gbẹ̀yìn, Màmá Ọláoyè ní iyán ń wu òun, Monínúọlá sì wọ ilé ìdáná lọ gún un fúnra rẹ̀, ó gbé ìwọ̀nba díẹ̀ wá. Màmá Ọláoyè fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó pa ojú dé. Ó ní, "Ó ní kókó." Monínúọlá gba àwo, ó tú iyán náà wò láti ìsàlẹ̀ dókè, kò rí nǹkan kan. Ó ní kò ní. Màmá Ọláoyè rọra sọ pé, "Ó ní. Tún un ṣe." Monínúọlá padà lọ tún un ṣe. Ó ń sunkún lórí odó, ó sì ń gún un. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Abọ́sẹ̀dé Ọláoyè sùn, kò jí mọ́.

Àṣídíákónì wá sí ìsìnkú. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó fọwọ́, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sẹ́ni tó ní kó má tíì fọwọ́ kàn án. Iyán ti tutù kó tó bù ú.

A rò pé búlọ́ọ̀gù ti parí. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó tẹ̀ lé ogójì ọjọ́ ikú rẹ̀, nǹkan tuntun jáde ní Ilé Ìdáná Tíṣà. Monínúọlá ló kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì Ìgbẹmọ ni, ó bẹ̀rẹ̀ láti "Ẹ dìde níbi tí ẹ jókòó sí," ó sì gùn gbọọrọ. Ohun gbogbo wà níbẹ̀ àfi òkúta. Kò sọ pé kí wọ́n ṣà á.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló rí i. Fúnkẹ́mi rí i ní Manchester, Olúwarótìmí rí i ní Port Harcourt. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ̀rọ̀. Wọ́n fi àyè náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Nígbà tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, Monínúọlá fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Bírò pupa. Máàkì kan nínú mẹ́wàá. Wá rí mi."

Pẹ̀lúmi kà á, ó gba ilé Màmá Akínọlá lọ lójú ẹsẹ̀. Ó bá a lẹ́yìn ilé, níbi odó, ọmọ odó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe màmá mi báyẹn. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọ́n lè wá o."

Monínúọlá bo àwo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dáadáa, kó má baà tutù. "Jẹ́ kó wá," ló wí. "Uyán wà nílẹ̀, kò sì ní kókó."